Àwọn Tó Ń Ṣubú Tí Wọn Kò Balẹ̀

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọmọbìnrin mi sọ fún mi pé àwọn tó ń gbé nínú òfuurufú kì í léfòó rárá, pé ńṣe ni wọ́n ń ṣubú. Iṣu ni mò ń bẹ lọ́wọ́. Mo dá ọ̀bẹ dúró, mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, pẹ̀lú irú sùúrù tí olùkọ́ máa ń ní fún ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú kíláàsì.

Awakọ̀ ni mí. Tírélà ni mò ń wà, láti ọgbà ìkẹ́rù kan ní Dagenham Dock lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá rán mi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Awakọ̀ fẹ́ràn kí nǹkan ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí. Bí ẹrù bá já bọ́ lórí ọkọ̀ mi, ilẹ̀ ló máa bá a, wọ́n á sì pè mí sí ọ́fíìsì láti wá rojọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá jókòó sí ìdáná mi tó ń sọ pé àwọn kan ti ń ṣubú láti oṣù mẹ́fà tí wọn kò tíì balẹ̀, kò dùn mọ́ mi. Orí mi dàrú. Bí orí mi bá sì ti dàrú, ìkanra ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n fẹ́ bá àwọn tó wà ní ibùdó òfuurufú sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ rédíò máa gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n á ri irin gígùn kan mọ́ ọgbà láti fa ohùn wálẹ̀. Bí ibùdó náà bá ti yọ lójú sánmà, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n ní kó tó tún wọ̀, àwọn ọmọ díẹ̀ á sì bi àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan gbọ́dọ̀ gun orí pèpéle ní gbọ̀ngàn, kó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kéékèèké irú àwọn èèyàn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, bí wọ́n ṣe dé ọ̀hún àti bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀. Ọmọ mi ni wọ́n mú. Òun náà ló sì máa béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ìyá rẹ̀ fi wá a kó tó dé. Kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, kò lábùúrò. Nígbà tí wọ́n bá ń yìn ín, inú mi máa ń dùn, ara mi kì í sì í balẹ̀.

Èmi ló ń fi àlàyé náà dánra wò fún. Ó ní, “Daddy, pretend pé ẹ jẹ́ ọmọ five years.” Kò ṣòro fún mi, torí pé n kò mọ̀ ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ ga bí ilé alájà púpọ̀, ṣùgbọ́n epo ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ibi tí èèyàn ń jókòó sí kéré, òkè téńté ló sì wà. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń lélẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á wà lókè. Wọ́n á tanná sí i nídìí. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná ti kú, èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà ti já sílẹ̀, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì ti wà lókè níbi tí ojú ọ̀run ti dúdú lọ́sàn-án gangan. Wọn kò tíì dé o. Ibùdó náà kò dúró dè wọ́n, ó ń yí ayé po ní wákàtí kan ààbọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sáré tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn odindi ọjọ́ kan, kí wọ́n tó bá a. Nítorí bí ó ṣe ń yí yìí, oòrùn máa ń là fún wọn ní ìgbà mẹ́rìndínlógún lójúmọ́. Mo bi í pé nínú àwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn, èwo ni wọ́n ń mu ògì. Ó ní aago ni wọ́n ń wò.

Ibi tí ọkọ̀ ti ń so mọ́ ibùdó nìkan ló yé mi. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń sún mọ́ ọn, kí ẹnu ọ̀nà lè bá ẹnu ọ̀nà mu régé. Mo ní iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo sọ fún un bí mo ṣe máa ń fi ẹ̀yìn wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù, pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó kẹ́yìn ni awakọ̀ tí kò ní sùúrù fi máa ń fọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Orí mi wú. Ó ní bí wọ́n bá ti wọlé tán, wọn kì í wọ bàtà mọ́, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀. Ìyẹn náà tún dùn mọ́ mi, torí pé àwa Aládùúrà kì í wọ bàtà sí sùtánà. Mo ní ó dà bí ẹni pé èèyàn gidi ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà ló dé ibi ìṣubú. Ó ní kí n ju bọ́ọ̀lù síwájú, yóò lọ díẹ̀, yóò sì balẹ̀. Kí n fi agbára jù ú, yóò lọ jìnnà kó tó balẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá lè jù ú tó bó ṣe yẹ, bí bọ́ọ̀lù náà ṣe ń wá sílẹ̀ ni ilẹ̀ náà á máa yí kúrò lábẹ́ rẹ̀, torí pé ayé rí róbótó. Kò ní dẹ́kun ṣíṣubú, kò sì ní bá ilẹ̀. Mo ní kí ló dì í mú. Ó ní kò sí. Mo ní á jẹ́ pé ó máa ṣubú nìyẹn. Ó ní ó ń ṣubú, Daddy, ohun tí ẹ ò gbọ́ nìyẹn. A yí ibẹ̀ po títí omi iṣu fi ru sórí iná. Ó ní wọ́n ń sáré débi pé láti London dé Èkó kò gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú méjìlá. Mo ro iye ìṣẹ́jú tó máa ń gbà mí láti ilé wa ní Becontree dé ẹnu iṣẹ́. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó kúkú sọ fún àwọn ọmọ náà pé wọ́n ń léfòó, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí gbogbo ayé ń ṣì mọ̀ nìyẹn gan-an.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ilé ìjọsìn wa wà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rù, ẹ ó máa gbọ́ ìró lọ́rì nígbà tí ẹ bá ń ka Sáàmù. A ní wòlíì obìnrin kan níbẹ̀, ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ará Ìjẹ̀bú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìran rẹ̀ kì í wọ́pọ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, bó bá ti ríran, etí gbogbo wa máa ń nà. Lọ́jọ́ náà Ẹ̀mí gbé e lẹ́yìn orin kejì. Ó dìde, ó na ìka sí bẹ́ǹṣì wa, ó ní: “Mo rí ọmọbìnrin kan nínú aṣọ funfun. Òkè réré ló wà. Ó ń ṣubú. Ó ń ṣubú, kò balẹ̀.”

Gbogbo ìjọ ti dìde kó tó mí. “A kọ̀ ọ́! Kò ní rí bẹ́ẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ohùn ìyàwó mi ló ròkè jù, ohùn tèmi ló tẹ̀ lé e. Wọ́n lu agogo. Mo rí i pé ẹnu wòlíì náà ṣì ń mì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ tún gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn? Báyìí la ti máa ń ṣe é nílé wa. Bí ìran bá burú, kíákíá la máa ń fi ẹnu kọ̀ ọ́ kó tó ráyè jókòó. Gbogbo ọmọbìnrin ìjọ wa ló wọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì wa ni wòlíì nàka sí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì wà lórí bẹ́ǹṣì wa.

Alàgbà kan dìde, ó ka ohun tí a máa ṣe: ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún bàbá àti ìyá, Sáàmù àràárọ̀ pẹ̀lú àbẹ́là, àti pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ gun ibi gíga kankan títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Ìyàwó mi kò tíì bọ́ sùtánà tó fi gbé ibùsùn ọmọ wálẹ̀ láti yàrá òkè sí pálọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ètò ilé-ẹ̀kọ́. Ìyàwó mi ní kò sí ẹni tó máa gun pèpéle kankan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí, n kò fẹ́ purọ́. Mo jókòó, mo kọ ìwé sí olùkọ́ rẹ̀ pé nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí kan, kí wọ́n fi ọmọ ẹlòmíràn rọ́pò tèmi. Mo fi í sínú àpò rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, n kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ.

Ọjọ́ Túsìdé, mo wà lórí ìlà nínú ọgbà, mo ń dúró kí wọ́n pè mí wọlé, ebi ààwẹ̀ ń pa mí, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi lọ́kàn. Ohun tí wòlíì sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun kan náà ni ọmọ mi sọ ní ìdáná. Ó ń ṣubú, kò balẹ̀. Ṣé àwọn tó wà nínú ibùdó yẹn ni ìyá náà rí? Àwọn náà kúkú ní aṣọ funfun. Àbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi níbi tó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì? Àbí ọmọ mi ni yóò lọ sí òfuurufú lọ́jọ́ kan? Bóyá ìtànjẹ sì ni gbogbo ìyẹn, bóyá àtẹ̀gùn pèpéle ni ọ̀tá fi dè é. Mo tò wọ́n síwájú, mo tò wọ́n sẹ́yìn, kò sí èyí tó dúró. Ọkọ̀ ẹ̀yìn mi ń fọn fèrè, n kò mọ̀ pé wọ́n ti pè mí.

Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí, ó ní, “Ẹ̀mí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi da nǹkan rú.”

Nígbà tí mo délé, ọmọ náà jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wa, ó kọjú sí ògiri. Olùkọ́ ti ka ìwé mi. Wọ́n ti gbé ìbéèrè rẹ̀ fún ọmọ mìíràn. Mo ṣàlàyé ìran náà fún un, torí pé ìyá rẹ̀ kò tíì sọ ìdí tó fi ń sùn ní pálọ̀ fún un dáadáa. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó ní, “Daddy, kí ló burú nínú pé kò balẹ̀? Bí wọ́n bá balẹ̀ ni wọ́n máa kú. Ṣíṣubú yẹn ló ń gbé wọn dúró sókè.”

Abèèrè kì í ṣìnà. Ní ọ̀sán Wẹ́sìdé, bí mo ṣe bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo gba ilé wòlíì lọ ní Beam Park, níbi tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò tẹ́lẹ̀. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ibùdó òfuurufú fún un. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo sọ ìbọ̀sẹ̀ kí n tó sọ iná. Ó gbọ́ mi pẹ̀lú sùúrù, ó bi mí bóyá wọ́n máa ń jẹun, mo ní wọ́n ń jẹun. Ó bi mí pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, ọ̀nà wo ni ìlà-oòrùn wà. Mo ní oòrùn ń là fún wọn ní ìgbà mẹ́rìndínlógún, n kò mọ èyí tí wọ́n ń kọjú sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àánú wọn ṣe òun.

Ìgbà náà ni mo wá bi í nípa ìran náà. Ó gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé itan.

“Ẹ ò jẹ́ kí n parí,” ó ní.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló kù?”

“Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ni mo gbọ́. Mo fẹ́ sọ fún yín pé kí ẹ dúpẹ́. Ẹ sì ti ń pariwo.”

Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ọmọ mi ni. Ó ní òun kò mọ̀, bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi han òun. Mo bi í bóyá ó túmọ̀ sí pé kó gun pèpéle. Ó ní òun kì í túmọ̀, ohun tí òun bá rí lòun ń sọ, nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kí òun sọ ọ́. Mo wá bi í, inú sì ń bí mi díẹ̀, pé kí ló dé tí kò dá wa dúró lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ẹ ti ń pín ààwẹ̀ nígbà náà, ààwẹ̀ kì í sì í pa èèyàn.

Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú orí tó dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ń rẹ́rìn-ín, ṣé kò ṣubú mọ́ nìyẹn? Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó ní ẹ̀rín tàbí ẹkún, ọjọ́ méje ni Alàgbà dá, ọjọ́ méje la máa ṣe. N kò dá a lẹ́bi. Èmi àti òun la jọ wá ọmọ yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án, òun ló sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní yóò jẹ́ kí ó lóyún.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. N kò sọ fún ìyàwó mi, òun náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Olùkọ́ rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó ní ìbéèrè kò ṣeé gbà padà mọ́, ọmọ tí wọ́n gbé e fún ti kọ́ ọ sórí, àwọn òbí rẹ̀ sì ti jókòó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gba àlàyé ṣe, òun fúnra òun ló fẹ́ kà á láti inú ìwé. Ó bi mí bóyá ohun tó wà nílé ti yanjú, kí ọmọ mi lè ṣe é. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò mí. Pèpéle náà ní àtẹ̀gùn mẹ́rin, kò sí igi ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó yanjú. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé ó lè gùn ún.

Ìyá rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́. Rédíò náà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohùn kan já wá láti òkè, ó ń dún bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo, ọmọ ẹlòmíràn bi í ní ìbéèrè ọmọ mi, ó sì dá a lóhùn, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. N kò lè sọ ohun tó fi dáhùn fún yín. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rédíò ni mo rántí.

Ọmọ mi gun àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ń gùn ún lọ́kàn mi. Àwọn ọmọ kéékèèké jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Ó sọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra àti bó ṣe ń lé ibùdó kiri, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó wá sún mọ́ etí pèpéle, ó sún mọ́ ọn jù lójú mi, ó sọ fún wọn pé àwọn èèyàn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn wọn yìí ń ṣubú, pé bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an, wọ́n ń ṣubú.

Gbogbo ìjọ wa dìde nínú mi. “A kọ̀ ọ́!” ti dé ọ̀fun mi, bí a ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo agbára. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé èébì ló fẹ́ gbé mi, ó yára fa báàgì rẹ̀ sẹ́yìn. N kò mọ̀ bóyá ọmọ mi ni wọ́n fi han ìyá yẹn. Títí di òní, kò yé mi bí nǹkan ṣe lè máa ṣubú kó má balẹ̀. Ọmọ náà ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo di ẹnu mi mú títí ó fi parí.